Ìdí Ààrò

Ọ̀kadà ló gbé òfin náà wá láti Ogbẹ̀rẹ̀,
nínú àpò ọ̀rá, kí òjò má baà kọ́kọ́ kà á.
Ọ̀gbẹ́ni Kúforíjì nu ẹrẹ̀ bàtà rẹ̀ sára gbòǹgbò,
ó wò wá yíká lábẹ́ igi òro, ó húkọ́.
Ó ní, "Tíṣà, ìwọ lo máa túmọ̀."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ gùn tó ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde;
ẹ̀ẹ̀mejì ni mo mí kí n tó dé òpin rẹ̀.
Mo ní: Àbújá sọ pé àwọn ẹranko kan ń tán lọ.
Ẹni tó bá pa wọ́n, ẹni tó bá tà wọ́n,
ẹni tó bá gbé ìpẹ́ wọn sọdá ibodè,
ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè gùn ju ọjọ́ orí àbíkẹ́yìn mi lọ.
Mo dárúkọ akika. Mo dárúkọ erin.
Nígbà náà ni mo kan ọ̀rọ̀ kan
tí n kò rí Yorùbá fún:
ibi tí ẹranko ń jẹ, tó ń sùn, tó ń bímọ,
tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ lókùnkùn.
Mo ní "ilé." Kúforíjì ní ó kéré.
Mo ní "igbó." Ó ní ó pọ̀ jù.
Efúnyẹlá ké láti ẹ̀yìn, "Pè é ní ìdí ààrò."
Kúforíjì yọ bírò, ó kọ ọ́ sétí ìwé.

Efúnyẹlá yìí kan náà ni o,
ẹni tó máa ń di akika nírù mú létí títì márosẹ̀,
tó ń fì í síwá sẹ́yìn sí àwọn ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.
Akika mẹ́rin ló rán Débọ̀wálé lọ sí Pólì.
Ó ní, "Òfin yìí, ṣé ó mọ owó ilé ìwé?"
Mo túmọ̀ rẹ̀. Kúforíjì ń wo bàtà rẹ̀.

Ọdẹ́nùsì dìde, ojú kan ṣoṣo, ọ̀pá lọ́wọ́.
"Nígbà tí bàbá mi fa ìbọn lé mi lọ́wọ́,
ó ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí,
bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin.
Ẹ gbọ́ o. Fìrí náà gan-an ni mò ń wá báyìí.
Ó di ọdún mẹ́ta, n kò rí fìrí."

Kò tíì jókòó tí ọkọ̀ agégẹdú fi kọjá,
ìtì mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọgbẹ́ wọn ṣì ń sun omi pupa.
Ilẹ̀ mì. Ìwé já bọ́ lórí itan Kúforíjì.
A dákẹ́ títí a ò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.
"Tíṣà," ni Ọdẹ́nùsì wí, "bá mi bi í:
èyí tó kọjá un, ojú ewé wo ló wà?"

Kúforíjì ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.
Ó ní wọ́n níwèé àṣẹ. Ó ní òfin mìíràn nìyẹn,
ọ́fíìsì mìíràn.
N kò túmọ̀ ìyẹn.
Kò sẹ́ni tó ní kí n túmọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹtàlá, kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n kan fèrèsé mi.
Efúnyẹlá ni. Gèlè rẹ̀ kò sí lórí;
ó fi di nǹkan róbótó kan sáyà bí ọmọ tuntun.
"Tàkúté mú un lóru. Tíṣà, òfin ti dé.
Ìdí ààrò rẹ̀ wá dà?"

A rìn. A kọjá oko kòkó, a kọjá odò,
kùkùté, kùkùté, kùkùté,
ìyẹ̀fun igi dé ọrùn ẹsẹ̀ wa bí gààrí tó dànù.
Oòrùn ti ń ta wá kí a tó rí igi tó dúró.
Ó gbé e sílẹ̀. Ó so gèlè rẹ̀ padà.
Akika tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìwé tí wọ́n ká,
ó gbóòórùn ilẹ̀ náà,
kò sì tíì lọ.