Orúkọ Kan Ṣoṣo

Báńkì ti gba ilé lọ́wọ́ Verlin kí n tó mọ̀ ọ́n,
ilé onípákó kan létí odò Maumee, ní Toledo,
lọ́dún tí ilé-iṣẹ́ dígí tì í síta.
N kò gbé ibẹ̀ rí. N kò mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀.
Àmọ́ lónìí ilé náà tẹ̀ lé wa wọlé
dé iwájú tábìlì Arábìnrin Szabo,
ó jókòó sáàárín wa, kò bọ́ bàtà.

Szabo tẹ kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀.
"Mà, orúkọ tiyín mọ́ bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàn.
Tọkọ yín ni kò jẹ́.
Gbèsè tó jẹ kó tó fẹ́ yín kò kàn yín,
ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ orúkọ méjì, méjèèjì la ó wò.
Ẹ fi tiyín nìkan yá a.
Tàbí kí ẹ dúró ọdún mẹ́ta."

Ọdún mẹ́ta! Èmi ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta.
Owó oṣù awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni wọn yóò fi díwọ̀n ilé:
yàrá kan ti já kúrò nínú àlá wa kí a tó dìde.

Wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án,
ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.
Wọn ò sọ ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà náà,
tòun tẹrù lórí.

Verlin ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́.
"Kọ tìrẹ, Odetta."
Nínú mọ́tò, kò tún sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá afárá.

Mo rántí ìgbà kejì tí a jọ jáde,
kó tó dì mí lọ́wọ́ mú rárá ló ti sọ ọ́:
pé lọ́jọ́ tó kó kúrò, ó gbálẹ̀,
ó nu fèrèsé, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí sítóòfù.
Ta ní ń gbálẹ̀ de báńkì?
Ọwọ́ tó gbálẹ̀ yẹn ni mo fẹ́.

Oṣù kẹrin la kó wọlé.
Orúkọ mi nìkan ló dá dúró nínú ìwé,
bí àga kan ṣoṣo nínú pálọ̀.
Verlin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìṣó kan lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ṣé mo lè kan èyí mọ́ ògiri? Fìlà ni mo fẹ́ fi kọ́."
Mo ní, ògiri ta ni?
Mo gbé òòlù lé e lọ́wọ́.
Ó gbà á.
Ó ṣì ń wo ojú mi.