Ọwọ́ Inú Àpò

Òru Oṣù Kẹta, òjò ń na páànù lórí òkè Wales.
Dókítà Eluned ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò,
ó ní, "Gethin, ìwọ lo máa gbẹ̀bí lónìí."

Àgùntàn ń gbin.
Ọmọ na ẹsẹ̀ kan síta, ó ká ìkejì sẹ́yìn.
Ọwọ́ Gethin wọlé, ó dúró, ó ń táràrà.

Ogún ọdún ni ìka obìnrin yìí ti ń tọ ọ̀nà yẹn.
Wọ́n ń yún un nínú àpò
bí ẹni tí kúrúnà mú.

"Má tíì fà á. Tì í padà ná."
Ó gbé ọ̀rọ̀ tó kù mì.

Ọmọ àgùntàn sín.
Gethin bojú wẹ̀yìn:
ọ̀gá ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́,
lẹ́tà rí wọ́kọwọ̀kọ,
ọwọ́ ọ̀gá ló ń gbọ̀n.