Ìwé Ìwọ̀n

Ìwé ìwọ̀n mi kì í parọ́. Èmi ni mo parọ́.
Ojú ewé kẹtàdínlógún: Mojírádé, ọmọ Ìjẹ̀rú,
àyà méjìdínlógójì, ìbàdí méjìlélógójì,
apá kúkúrú, ọrùn fífẹ̀. Aṣọ ìdána ni, oṣù Ọ̀pẹ.
Ó ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí téèpù fi ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.
Mo ní, "Dúró jẹ́ẹ́, ìwọ ọmọ yìí."

Ọdún yípo. Ó padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Àpáké,
ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà ṣeré.
Mo bi ìyàwó léèrè, ọkọ ló dáhùn.
"Apá gígùn ni. Ọrùn pípadé ni."
Nínú oṣù Èrèlé, tí oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ń yan páànù bí ẹni yan kajú!
Mo wo ojú Mojírádé. Ojú rẹ̀ ń wo ẹnu ọkọ.
Ó dúró jẹ́ẹ́. Ẹnìkan kò sọ pé kó dúró.
Mo ní, "O kú oríire. Ọkọ tó mọ aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ ó wọ̀,
mélòó ló kù láyé?"
Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. N kò ní dì í ru ẹlòmíràn.

Àyà mẹ́rìndínlógójì.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní bóyá ààwẹ̀ ni.

Ìgbà kẹta, òun nìkan ló wá.
Kò tíì jókòó tí fóònù fi dún:
"Yí i kí n rí ògiri. Yí i kí n rí ẹni tó wà níbẹ̀."
Ó ń yí fóònù kiri bí ẹni ń fi àtùpà wá abẹ́rẹ́,
ó fi mí hàn, ó fi máṣíìnì hàn, ó fi ọmọṣẹ́ mi hàn.
"Kólápọ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ẹ jọ̀ọ́."

Mo ní, "Ìyá rẹ ńkọ́?"
"Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn. Ó ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ ni wọ́n ń kọ́ mi."
"Ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń ta ìpara ńkọ́?"
"Ó ní kí n sinmi."
Ó la ọwọ́: owó ọ̀kadà àlọ, owó ọ̀kadà àbọ̀,
kò fi náírà kan lé.

Téèpù kan èjìká rẹ̀, ó fà sẹ́yìn.
"Fèrèsé ni mo fara gbá."
Fèrèsé wo ló ní ìka márùn-ún?

Kí n tó la ẹnu, mo gbọ́ ọ lójú títì.
Kò pe orúkọ. Ó kàn súfèé lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀kadà,
Mojírádé sì ti dìde, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́.

Ìfẹ́ àti ìfé:
àmì tíntín kan ló wà láàárín wọn, abẹ́ lẹ́tà ló ń gbé.
Ẹ wò ó bí mo ṣe ń ka ọ̀kan fún ìkejì,
èmi tí mo wọ apá gígùn lọ́dún mẹ́fà ní Ọ̀yọ́!
Ajá là ń sú ìfé pè.

Mo rán aṣọ náà bí ọkọ ṣe pàṣẹ.
Ṣùgbọ́n mo rán àpò kan sínú láínìn, lábẹ́ apá òsì,
mo ká ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sínú rẹ̀, àti nọ́ńbà mi,
àti ìwé péńpé: Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ṣí. Òru ni, ọ̀sán ni.

Ọkọ ló wá gbé e. Ó gbọn aṣọ, ó yẹ etí rẹ̀ wò,
ó ní iṣẹ́ mi mọ́. Ó sanwó pé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi.
Mo ní ẹ ṣé é.

Ó di ọjọ́ kọkànlá lónìí.
Mo ti yọ àgádágodo. Kólápọ̀ ní, "Àǹtí, olè ńkọ́?"
Mo ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.
Lójú ewé tuntun mo kọ Mojírádé, mo fa ilà sábẹ́ rẹ̀.
N kò tíì kọ ìwọ̀n kankan síbẹ̀.