Mẹ́wàá Nínú Páálí

Mẹ́wàá ló wà nínú páálí pẹlẹbẹ yìí.
Owó rẹ̀ ì bá san owó iná oṣù méjì.
Mo rà á ní Arákálẹ̀, láàrin Àkúrẹ́,
lọ́wọ́ ọmọ kan tó bi mí
bóyá igi ìtayín òyìnbó ni.

Mo gbé e gun Òkè-Àró, sọ́dọ̀ Bàbá Fápohùndà,
ẹni tí orúkọ rẹ̀ ro jù lọ nínú wa:
ogójì ọdún ló fi pa ohùn dà nínú sásófóònù
kí eyín iwájú tó di ẹrù wọn lọ,
kí ètè tó di àpò tí a tú okùn ẹnu rẹ̀.

Kò fọn mọ́. Ó ń yàn.

"Ṣí fèrèsé." Ó gbé ríìdì kan sókè sí oòrùn
bí ẹni ń fi iná wo ẹyin tí adìyẹ sàba lé.
"Wo ọkàn rẹ̀. Wo bí òjìji ṣe yọ ṣóńṣó láàrin,
tí etí méjèèjì tín-ín-rín bákan náà.
Èyí tí ọkàn rẹ̀ bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
bí o fẹ́, bí o kọ̀,
yóò purọ́ mọ́ ọ lójú ìjọ."

Ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ orí wọn.
N kò mọ ohun tó ń gbọ́.
Ó kó mẹ́ta sọ́tùn-ún.
Márùn-ún, òsì: èyí le bí ojú agbowó-orí,
èyí rọ̀ bí ẹ̀jẹ́ ọ̀mùtí,
èyí, wọ́n kánjú gé e lóko,
ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú kó tó hu eyín.
Ọ̀kan ti sán láti ilé wá.

"Ìbátan ìrèké ni," mo ní, kí n ṣáà lè sọ nǹkan.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ìrèké gba adùn tán,
ó gbàgbé láti bèèrè ohùn."

Ó ku ẹyọ kan, alábàwọ́n,
bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá.
Mo ti ní kí n sọ ọ́ sí gọ́tà.
Ó gbà á, ó fi sẹ́nu láìsí fèrè,
ètè rẹ̀ ká a mọ́ra
bí ẹni rí pákò tó ti sọnù láti àárọ̀.
Òjò ń ṣú bọ̀ láti ìhà Ìdànrè.
Kò sọ̀rọ̀. Mo dúró.

Ó yọ ọ́. "Eléyìí kò ní gbọ́ tìẹ nísinsìnyí,
omi pọ̀ lójú ọ̀run.
Fi bébà dì í. Ó di ìgbà ọyẹ́."

Mo na ọwọ́.
Ó ti tún fi sẹ́nu.