Ife Omi Lórí Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀yẹ́ ti bo Jàbí mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà,
ilé ìtajà ńlá etí omi dà bí ẹni tó da aṣọ borí.
Wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ Kutigi wá sí èbúté,
ọkọ̀ pupa, ẹlẹ́nu ṣóńṣó,
tó ń fi ojú omi ṣe pápá ìsáré ní gbogbo Sátidé.
Ó ní, “Ọ̀gá mi, ó ń gbọ̀n.
Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ dé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta báyìí,
eyín mi á máa kan ara wọn.
Mẹkáníìkì mẹ́ta ti wò ó.
Abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀, mo ra tuntun. Pulọ́ọ̀gì, mo ra tuntun.
Ó ṣì ń gbọ̀n.”

Mo ní, ẹ sinmi ọjà rírà ná.
Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà:
ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sọ tẹnu ẹ̀.

Ndagi bu omi sínú ife, ó gbé e lé ìdérí ẹ́ńjìnnì.
Ọmọ Baro ni, ìran àwọn tó ń fi àjẹ̀ wá oúnjẹ.
Ó yọ gíà sílẹ̀, ó tẹ iná:
ẹgbẹ̀rún kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.
Omi inú ife ò mira ju ojú ọmọ tó ń sùn lọ.
“Ẹ rí i? Ẹ́ńjìnnì ò mọ̀dí ọ̀rọ̀.
Ẹni tó dá jó ní yàrá tí kò ṣubú,
tó wá ń fẹsẹ̀ kọ láàárín èrò,
ẹ wo ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.”

A bọ́ sí agbami, a ju gíà sí i.
Ẹgbẹ̀rún méjì, ó dákẹ́.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, omi inú ife bẹ̀rẹ̀ sí í hun,
òrùka nínú òrùka.
Kutigi yí síárìn sápá òsì,
ohùn kan kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa bí ọlọ tó ń lọ yanrìn.
Ó yí i sọ́tùn-ún, ohùn náà rọlẹ̀.
Ohun tó bá ń kérora níhà kan ṣoṣo,
oríkèé ló ń dùn ún.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́.
Mo ti kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara ọkọ̀,
bí mo ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún,
n kò sì lè sọ
èwo ni gbígbọ̀n ọkọ̀, èwo ni gbígbọ̀n tèmi.
Láti ọ̀yẹ́ èṣí ni ọwọ́ ọ̀tún yìí ti ń ṣe báyìí,
tí bọ́tìnnì ẹ̀wù ń bá mi jà láàárọ̀.
Ìyàwó mi rò pé òtútù ni.
Mo jẹ́ kó rò ó bẹ́ẹ̀.

Mo ní, “Ndagi, mú àjẹ̀ wá.”
Ó fi orí kan àjẹ̀ náà kan ibi tí ṣáàfù ti ń jáde,
ó fi orí kejì kan etí, ó dijú.
Lékeléke mẹ́ta kọjá, kò rí wọn.
“Ọ̀gá, ó ń họ nǹkan. Bí eku nínú àká àgbàdo.”

A fa ọkọ̀ gòkè, a tú ìdí rẹ̀.
Rọ́bà oníkíká tó yẹ kó sé omi mọ́ ìta
ti ya, kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ.
Ibẹ̀ ni omi ti ń yọ́ wọlé, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan,
títí bíárìn fi pọ́n bí osùn,
tí àwọn ọmọ irin inú rẹ̀ jẹ ara wọn tán.
Kutigi wò ó, ó wo abẹ̀bẹ̀ olówó gọbọi.
Kò sọ̀rọ̀.

Ndagi ló kan bíárìn tuntun wọlé.
Ó ki ọ̀pá gígùn bọ inú ihò, kò ha, kò kọ́,
ká lè mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì jókòó déédéé.
Tọ́ọ̀ṣì ni mo bá a dì mú,
mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti ògiri kí iná má baà máa jó.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ pupa gé Jàbí bí ọ̀bẹ ṣe ń gé ọṣẹ.
Mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún.
Omi inú ife tẹ́ pẹrẹsẹ.
Kutigi ń pariwo nǹkan ní èdè Nupe, Ndagi ń dá a lóhùn.
Ọmọ náà wá gbé ife sókè: “Ọ̀gá, ẹ mu ún.”
Mo gbà á.
Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hun,
òrùka nínú òrùka.
Ó wo ife, ó wo mí,
ó yíjú sí adágún, ó ní
atẹ́gùn mà pọ̀ lónìí o.