Ẹlẹ́rìí Kékeré

Láti Láfẹ́nwá títí dé Ìta-Òṣìn
iná àwọ̀ ọsàn ò kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.
Ní Kútọ̀, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀;
owó ilé-ìwé Mofẹ́ọlá ló bá a lọ.

Ṣówándé ò sọ̀rọ̀.
Ó fi mítà kan wáyà: iná ń bọ̀, ó pé.
Ó tú páìpù tó ń dá èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì,
ó ki ìka bọ̀ ọ́.
Èédú ti dí i pa, dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Ẹ ti lé ẹlẹ́rìí méjì kúrò ní kóòtù,
òótọ́ ni wọ́n ń sọ.”

Mo yọ sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ nínú agolo mílíìkì,
mo fi etí aṣọ nù ún.
Mi ò mọ bí a ti ń bẹ irin.