Ẹrù Ọmọ́tọ̀ṣọ́

Oṣù mẹ́ta gbáko ni kọntéínà fi sùn ní Àpápá.
Wọ́n ní orúkọ ẹlẹ́rù ò bá ti ìwé mu.
Báwo ni yóò ṣe bá a mu?
Wọ́n ti sin ẹlẹ́rù sílùú òyìnbó.

Lónìí ló wọ Iléṣà.
Tírélà ò gba ojú ọ̀nà Òkèṣà,
ọmọlanke la fi kó o, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún.
Èdìdì ti já. Lára fìríìjì,
ṣọ́ọ̀kì aṣọ́bodè: A ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ń tú àpò.
Ṣẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ̀gbọ́n mi ló ká a:
apá méjèèjì sẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n dè,
bí ìyá wa ṣe kọ́ wa.
Èyí, ọwọ́ àlejò ni, wọ́n kàn rún un wọlé.
Èyí náà.
Èyí náà.

Bàbá wa, òṣómàáló àtijọ́,
tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí ilẹ̀ fi ń ṣú,
lóṣòó ti àpótí.
Kí ló fẹ́ gbà? Lọ́wọ́ ta ni?

Nísàlẹ̀ pátápátá, ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan:
ìka ṣọ́ọ̀kì wà lọ́rùn rẹ̀ kedere,
síbẹ̀ wọ́n ká apá rẹ̀ sẹ́yìn.
Aṣọ́bodè wo nìyí? Ìyá wo ló kọ́ ọ?

Bàbá na ọwọ́.
"Má tú ìyẹn."